Ẹ̀kọ́ Mẹ́ta fún Ọmọ Àáfà Tó Fẹ́ Ṣe Nọ́ọ̀sì

Ní ọdún tí wọ́n gbà mí sí yunifásítì, n kò lè jókòó sójú kan. Bí mo bá jẹun tán, mo ti dìde. Bí mo bá na ẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án, kò ní pẹ́ tí màá fi gba kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, màá gùn ún dé àdúgbò Kpalsi, màá sì padà, bẹ́ẹ̀ n kò ní nǹkan kan í ṣe ní Kpalsi. Ìyá mi máa ń wò mí láti ìdí ọjà rẹ̀, á mi orí, á ní kí n rọra, pé ẹsẹ̀ kì í ṣe bàtà tí ènìyàn lè pààrọ̀ bó bá gbó. Ó mọ ohun tó ń dà mí láàmú. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bàbá mi kò tíì sọ pé kí n lọ, kò sì sọ pé kí n má lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, ni à ń gbé ní Tamale, lápá àríwá Ghánà, nínú ilé tí bàbá bàbá mi kọ́ nígbà tó ti Ìlọrin dé. Bàbá mi ni àáfà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú lábẹ́ igi dóńgóyárò iwájú ilé. Ìyá mi ń ta abọ́ àti ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà. Yorùbá là ń bá àwọn àgbà sọ. Bí ó bá ku àwa ọmọ nìkan, Haúsá ni. Bí a bá sì ti kọjá sí òdìkejì títì, ó di Dàgbánì, èdè àwọn onílùú.

Yunifásítì tí mo ń lọ wà ní gúúsù. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ń jẹ́ kí ènìyàn mú ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ sí ẹ̀ka nọ́ọ̀sì ní ọdún kejì gbọ́dọ̀ ti mú bàọ́lọ́jì àti kẹ́mísírì, kó sì fi ẹ̀kẹta tì í lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ Lárúbáwá gbọ́dọ̀ mú Lárúbáwá àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláámù, kó sì fi ẹ̀kẹta tì í lẹ́yìn. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè so méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ tí a bá wọlé ni a ó kọ ìpinnu wa sílẹ̀, ẹni tó bá sì ti kọ ọ́ ti kọ ọ́ nìyẹn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bàbá mi ti sọ̀rọ̀ níta. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Òyìnbó àti Lárúbáwá pọ̀, wọ́n sì ń wá olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, bàbá mi ti sọ fún àwọn àgbà Yorùbá tó wà ní mọ́ṣáláṣí pé kí wọ́n ní sùúrù, ọmọ òun ń lọ mú ìwé ẹ̀rí náà bọ̀. Àwọn àgbà ti ṣàdúrà sí i. Wọ́n ti pín góòrò.

Nígbà tí mo wá bá a pé nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe, ó ń yẹ wàláà ọmọ kéú kan wò. Kò gbójú sókè. Ó ní, "A ó wò ó." Ní ilé wa, "a ó wò ó" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń dúpẹ́ fún.

Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ta irin àti táyà alùpùpù lọ́jà, ló sọ ohun tí bàbá mi kò sọ. Ó ní òun ti rí ọmọ àáfà tó di sọ́jà, òun ti rí èyí tó di awakọ̀, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí èyí tó ń ru póò kiri. "Àbúrò, ṣé wàá máa ṣe bisimilai kó o tó dà á nù ni?"

Mo ní màá ṣe é, màá sì dárúkọ yín sí i. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n, pé ohun tó ń dun bàbá wa kì í ṣe póò. Obìnrin ni. Ó ní báwo ni ọmọ ilé àáfà ṣe máa gbé ọwọ́ lé obìnrin tí kì í ṣe ìyá rẹ̀, tí kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, tí yóò tún máa gba owó oṣù lórí rẹ̀? Mo gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo jáde.

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ náà fún wọn. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun dá mi dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ọkùnrin kan ló sì tọ́jú mi. Kó tó fi aṣọ tútù nù mí lára, á kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kan ọrùn mi kí ara mi lè mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀. N kò rí ẹni tí mo lè lọ sọ ìyẹn fún pé nítorí rẹ̀ ni n kò ṣe ní kọ́ Lárúbáwá.

Ilé-ẹ̀kọ́ kò tètè wọlé lọ́dún náà. Ìjọba àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́ ara wọn yé, wọ́n sì ti àwọn yunifásítì pa. Rédíò á ní wọ́n máa tó ṣí i, rédíò á tún ní ó di ìgbà mìíràn. Oúnjẹ wọ́n. Àwọn ènìyàn wa tó lọ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, tí ìjọba ibẹ̀ ní kí wọ́n máa lọ, ń padà bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, ilé kún. Nígbà tí n kò lè gbé inú ilé mọ́, mo lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan nígboro, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n máa ràn wọ́n lọ́wọ́ láìgba nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń ṣe olórí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ló gbà mí. Sístà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ará gúúsù ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá ni, Haúsá tó gbọ́ kò ju ti ẹni tó ń ná tòmátò lọ. Nígbà tó gbọ́ pé mo gbọ́ Haúsá, Dàgbánì, Yorùbá àti Òyìnbó, kò béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ mi. Ó sọ mí ní Máláàmù, ó sì ní kí n máa tẹ̀lé òun.

Láràárọ̀, a ó lọ láti ibùsùn dé ibùsùn. Á dúró níbi ẹsẹ̀ aláìsàn, á ní kí n bi í pé báwo ni ara. Màá bi í. Aláìsàn á ní àlàáfíà ni. Ẹni tí ibà ń gbọ̀n á ní àlàáfíà ni. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la inú rẹ̀ á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní Haúsá ni, ní Dàgbánì ni, bákan náà ni ìdáhùn wọn. Lọ́jọ́ kan, Sístà fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ lu itan, ó kọjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ wọn.

"Máláàmù, irú ènìyàn wo ni yín níhìn-ín? Ẹ̀ ń kú lọ, ẹ ní àlàáfíà ni."

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. N kò ronú sí i títí ọ̀rọ̀ fi kan ará àdúgbò wa. Bàbá àgbà kan wà ní ibùsùn ẹ̀bá fèrèsé, Yorùbá ni, oníṣòwò obì ni, èmi náà sì mọ ilé rẹ̀ ní Zongo. A dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo bi í léèrè ara. Ó ní, "Alihamudulilai, ara ti le." Sístà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ ń yá, ó sì ní ó ṣeé ṣe kó máa lọ sílé lọ́la.

A kọjá. Ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé bí bàbá náà ṣe dáhùn. Ìdáhùn tí bàbá mi máa ń fún àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá bi àgbàlagbà léèrè ara lórí ìdúró kò tíì béèrè nǹkan kan. Ọpẹ́ ni wọ́n máa fi dá a lóhùn, nítorí kò yẹ kí ènìyàn fi àìsàn pàdé ẹni tó kí i. Bí ó bá béèrè àwọn ará ilé, wọ́n á tún dúpẹ́. Ìgbà tó bá jókòó tó tún béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, ìgbà náà ni wọ́n á mọ̀ pé ó fẹ́ gbọ́. Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn. Èmi fúnra mi ń ṣe é lójoojúmọ́, n kò sì rí i pé òun là ń ṣe nínú wọ́ọ̀dù.

Mo padà sọ́dọ̀ bàbá náà. Mo lóṣòó, mo kí i. Ó dúpẹ́. Mo béèrè ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ tó wà ní Kùmásí. Ó dúpẹ́. Mo wá jókòó sétí ibùsùn, mo ní, "Bàbá, ara gan-an ńkọ́?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó fọhùn. "Ọmọ mi, n kò tíì rí omi tọ̀ láti àná."

Mo sáré lọ pe Sístà. Ó tẹ ìsàlẹ̀ ikùn bàbá náà, ó rí i pé ó le bí òkúta, ó sì ránṣẹ́ sí dókítà. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa omi náà jáde. Nígbà tí èmi àti Sístà padà sídìí tábìlì rẹ̀, inú ń bí i díẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé tí bàbá náà kò sọ fún òun.

Mo ní, "Ẹ kò tíì kí i tán ni."

Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n bí òun bá ní kí òun kí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí òun tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹni tí òun kọ́kọ́ kí ti di ará ọ̀run. Àmọ́ láti ọjọ́ náà lọ, kò bi wọ́n pé báwo ni ara mọ́. Á bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ, ṣé ó dúró nínú wọn, ṣé wọ́n ti tọ̀, ẹ̀gbẹ́ wo ni wọ́n fi sùn. Sí ìyẹn, wọ́n ń sọ òtítọ́.

Òun náà ni mo bi nípa ẹ̀kọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní bó bá jẹ́ dandan, kí n fi físíìsì ṣe ẹ̀kẹta, nítorí ó le, àwọn ènìyàn á bẹ̀rù mi. Sístà ní físíìsì kò burú, ṣùgbọ́n kí n mú sàìkọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìṣe ọmọ ènìyàn. Ó ní, "Bàọ́lọ́jì á fi ibi tí kíndìnrín wà hàn ọ́. Ìdí tí bàbá yẹn fi ń dúpẹ́ tí inú rẹ̀ ń bẹ́, kò sí nínú bàọ́lọ́jì." Ó tún ní bí mo bá ráyè, kí n máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì àwọn tó ń kọ́ nípa oúnjẹ, bí wọn kò tilẹ̀ fún mi ní máàkì kankan, torí ìdajì àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù òun, ẹnu ni àìsàn wọn gbà wọlé.

Báyìí ni mo ṣe ní ẹ̀kọ́ mẹ́ta lórí. Àṣẹ nìkan ni n kò ní.

Lọ́jọ́ kan tí ìrun Alàásárì kù díẹ̀, ìyá mi ní kí n lọ pe bàbá mi, àlejò dé. Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ṣí díẹ̀. Ó ń ṣe àlùwàlá nínú yàrá, èyí tó yà mí lẹ́nu, nítorí ìta, lójú àwọn ọmọ kéú, ló ti máa ń ṣe é kí wọ́n lè máa wò ó kọ́. Ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi ìka ya àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó dé orí ẹsẹ̀ òsì, kò da omi sí i. Ó ti fi aṣọ kan di ẹsẹ̀ náà. Ó kàn fi ọwọ́ tútù pa orí aṣọ náà, ó sì dìde.

Mo fà sẹ́yìn. Bí omi kò bá kan gìgísẹ̀ ọmọ kéú kan, bàbá mi á ní kó lọ tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fi ọwọ́ pa orí aṣọ lásán. Ẹ̀sìn gbà á láyè fún ẹni tó di ọgbẹ́ tí omi kò gbọdọ̀ kàn. Ọgbẹ́ wà níbẹ̀ nìyẹn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo jíṣẹ́ àlejò, mo gbé kẹ̀kẹ́, mo gùn ún dé àdúgbò Choggu, mo yí i padà. Mo rò ó pé bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní mo ń ṣe nọ́ọ̀sì lórí òun kí n lè rí ohun tí mò ń wá gbà. Bí n kò bá sì sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ìrun Màgíríbà ti parí nígbà tí mo wọlé tọ̀ ọ́. Mo lóṣòó, mo kí i. Ó dúpẹ́. Mo béèrè àwọn ọmọ kéú. Ó ní wọ́n ń gbìyànjú. Mo jókòó sórí ẹní.

"Bàbá, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyá rẹ ló rán ọ?"

"Ìyá kò mọ̀."

"Ta ló wá sọ fún ọ?"

"Àlùwàlá yín ni, Bàbá."

Mo rí i tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fa aṣọ náà kúrò, ó na ẹsẹ̀ sí mi. Ọgbẹ́ náà wà lábẹ́ ẹsẹ̀, ó jìn, etí rẹ̀ ti funfun, ó sì ti ń rùn. Bàbá mi ní kò dun òun rárá, ìdí nìyẹn tí òun fi kà á sí nǹkan kékeré. Mo ti gbọ́ ní wọ́ọ̀dù pé ọgbẹ́ ẹsẹ̀ tí kò dunni ni ká bẹ̀rù. N kò sọ ìyẹn fún un. Mo lọ se omi, mo fi iyọ̀ sí i, mo jẹ́ kó tutù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

Ó ń wo ọwọ́ mi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó béèrè bóyá báyìí ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Àwọn obìnrin wá ńkọ́?" Mo ní àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin ló ń tọ́jú obìnrin, àfi bí kò bá sí ẹlòmíràn nítòsí tí ẹ̀mí sì fẹ́ bọ́. Ó ronú sí i bí ẹni tí wọ́n mú ẹjọ́ wá bá. "Ìyẹn ti di lálúrì," ó ní. Nígbà tí ọ̀ràn bá di lálúrì, tí kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́, ẹ̀sìn a máa gba ohun tí kò gbà tẹ́lẹ̀. Mo dúró kó sọ̀rọ̀ síwájú sí i. Kò sọ ọ́. Mo di ẹsẹ̀ náà, mo jáde.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú un lọ sọ́dọ̀ Sístà. Àtọ̀gbẹ ni wọ́n bá lára rẹ̀. Wọ́n dá a dúró ní wọ́ọ̀dù, wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù, àwọn yòókù sì yè. Nígbà tó padà wálé, èmi ni mò ń pààrọ̀ aṣọ ọgbẹ́ rẹ̀. A ó sọ̀rọ̀ òjò, a ó sọ̀rọ̀ oúnjẹ tó wọ́n, a ó sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kéú tó ń sá. Kò dá ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ mi sílẹ̀, èmi náà kò tó bẹ́ẹ̀ láti dá a sílẹ̀. Nígbà náà ni rédíò kéde ọjọ́ ìwọlé, kò sì yẹ̀ mọ́. Mo ti di ẹrù mi. Mo ń tú u, mo ń tún un dì. Lójú àlá, mo ti bá ara mi níwájú akọ̀wé yunifásítì láìmọ ohun tí màá kọ.

Ní Jímọ̀ tó ṣáájú ìrìn-àjò mi, àwọn àgbà wá kí bàbá mi nílé. Èmi ni mò ń gbé omi fún wọn. Wọ́n kí i, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n jókòó. Ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ pé òun ló pín góòrò nígbà àkọ́kọ́, wá ní, "Ọmọ wa tó ń lọ kọ́ Lárúbáwá, ọjọ́ wo ló ń gbéra?"

Abọ́ omi wà lọ́wọ́ mi. N kò rìn síwájú, n kò rìn sẹ́yìn.

Bàbá mi ní, "Ọ̀rọ̀ náà ti yí. Iṣẹ́ ìwòsàn ló ń lọ kọ́."

"Dókítà?"

"Nọ́ọ̀sì ni."

"Nọ́ọ̀sì? Ọkùnrin?"

Bàbá mi na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ síwájú gbogbo wọn, ẹsẹ̀ tó ti fi pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ọkùnrin ló fọ èyí."

Àgbà náà wo ẹsẹ̀, ó wò mí. Bàbá mi kò yíjú sí mi rárá. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi ló ń sọ ọ́ fún. Ó ní Lárúbáwá tí ọmọ òun máa fi kírun, òun ti kọ́ ọ. Ní ti olùkọ́ tí òun ṣèlérí, kí wọ́n bá òun ní sùúrù, òun á máa lọ síbẹ̀ fúnra òun ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá ti jinná. Wọ́n ní kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà. Wọ́n ṣe àmín, wọ́n gba omi lọ́wọ́ mi.

Ó lọ lóòótọ́. Ó lo ọ̀pá, ó ń rìn lọ síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, títí ẹsẹ̀ kejì náà fi kọ̀ ní àárín àwọn ọdún 1990. Àwọn tó kọ́ níbẹ̀ ti di bàbá ọlọ́mọ. Nígbà tí mo bá wálé fún ìsinmi, mo máa ń gbé e lọ lórí alùpùpù, màá dúró níta, màá máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Mo ti kọ́ṣẹ́ tán nígbà náà, mo ti ń jẹun lórí iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, bí mo bá ń gbọ́ tó ń mí gúlegúle láàárín ẹ̀kọ́, n kì í lè dúró sójú kan.

Ní yunifásítì, àwọn tó fẹ́ lọ sí ẹ̀ka nọ́ọ̀sì tò sí ọ̀tọ̀. Obìnrin ni gbogbo wọn níwájú mi, obìnrin náà ló wà lẹ́yìn mi. Akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì wò mí, ó ní ta ni mò ń bá gba àyè, ṣé ìyàwó mi ni. Àwọn ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Mo ní ara mi ni. Ó fún mi ní ìwé àti bírò, ó ní kí n yára, èrò pọ̀.

Mo kọ bàọ́lọ́jì. Mo kọ kẹ́mísírì. Nígbà tí mo dé orí ẹ̀kẹta, ọwọ́ mi dúró, torí mo rí bàbá mi lójú inú tó ń fi ẹsẹ̀ tí kò tíì jinná rìn lọ kọ́ àwọn ọmọ tó yẹ kí n wá kọ́. Akọ̀wé ní kí ni mò ń rò. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn mi ní bí n kò bá tíì mọ ohun tí mo fẹ́, kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo sọ fún un pé mo mọ̀ ọ́n. Mo kọ sàìkọ́lọ́jì, mo fi orúkọ mi sí ìsàlẹ̀, mo sì dá bírò padà.